Ẹrù Ìwòsàn tí A Kó Lọ sí Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún wa

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹrù ìwòsàn tí ẹgbẹ́ wa kó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ mísọ́nnì dá sílẹ̀ ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí pé n óò wá máa yin ẹgbẹ́. Ìyìn ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ṣì í ṣe, nítorí èmi gan-an ni mo kọ lẹ́tà tí ó fa àṣìṣe náà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì títí di òní. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí pé mátírọ́ọ̀nù tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa dìde ní ìpàdé, ó ní iná tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ ọmọ òun ní abúlé yẹn, ní òru. Àánú ṣe gbogbo wa. A dáwó lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́, ó ní ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú òun tí ó ń kó ohun èlò ilé ìwòsàn jọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni, kí a ṣáà ti san owó ọkọ̀ ojú omi. Inú wa dùn. Èmi akọ̀wé mú bírò, mo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ní ìparí lẹ́tà náà ni mo kọ ọ́ pé: ohunkóhun tí ẹ bá ní, ẹ máa kó o bọ̀, a ó gbà á.

Páálí mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n kó dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ sí Apápá mọ ohun tí ojú wa rí, ẹ sì mọ iye tí a san kí ẹrù náà tó jáde. A gba ọkọ̀ akẹ́rù, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ya fọ́tò. Fọ́tò náà wà nínú ìwé àjọ̀dún ọdún náà, ó dára, èmi náà wà níwájú, mo ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ síbi òkú kan ní Iléṣà, mo sì ní kí n yà wò wọ́n. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n to páálí wa sí, nítorí pé yàrá yẹn nìkan ni òjò kì í jò sí. Bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí ti di ọ̀nà àbájáde, wọ́n fi aṣọ ta á bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú ẹrù náà, iná 110 ni wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà. Iná tiwa níbí lé ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sì ki ẹ̀rọ náà bọ iná, èéfín ló yọ, ó kú. Páálí mẹ́fà kún fún rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ inú ọkàn. Ní abúlé tí dókítà kì í sùn mọ́jú! Oògùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ló kù lórí ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí ó dé, òmíràn sì jẹ́ pé èdè tí wọ́n kọ sára rẹ̀, mátírọ́ọ̀nù kò gbọ́ ọ, dókítà tí ó máa ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù náà kò gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan sáré jáde, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Mo bi mátírọ́ọ̀nù pé kí ló dé. Kò fẹ́ sọ. Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rọbí lẹ́yìn aṣọ yẹn. Ìbọ̀wọ́ ti tán láti ọjọ́ Ẹtì, ó ń lọ ra á wá ní ìlú.” Nínú páálí mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò sí ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ kò sì dúró de ọ̀kadà. Ọ̀rá búrẹ́dì méjì ni mátírọ́ọ̀nù fi ọṣẹ fọ̀, ó fi bọ ọwọ́, ó gbẹ̀bí ọmọ náà. Obìnrin ni, ó kígbe dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, torí wọ́n ti sọ fún un pé èmi wà lára àwọn tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti Èkó. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú páálí wa, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ohun tí ó dùn mí jù ni pé oníṣòwò ni mí. Aṣọ ni mo ń tà. Kò sí oníbàárà kan tí mo ń dì aṣọ ránṣẹ́ sí láì kọ́kọ́ bi í pé àǹkárá ni àbí léèsì, ọ̀pá mélòó, àwọ̀ wo. Bí mo bá dì í ní ìdìkudì, yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní ọ̀fẹ́, ojú ń tì í láti dá a padà. Mátírọ́ọ̀nù yẹn kò lè sọ pé ẹrù wa ti gba yàrá òun. “Ẹ ṣé, Mà” ni ó ń sọ fún oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó wá yé mi pé kì í ṣe àwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ẹ mọ̀ sí WHO, ti kọ ìlànà sílẹ̀ láti ọdún 1996 lórí oògùn tí a bá fi ṣe ìtọrẹ. Wọ́n ní kí ó jẹ́ ohun tí ẹni tí a fẹ́ fún nílò, tí ó sì mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní nígbà tí oògùn bá fi máa dé, ó kéré tán kí ó ku ọdún kan lórí ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ohun tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ èdè tí àwọn tí yóò lò ó gbọ́. Wọ́n ní ohun tí kò bá dára tó fún ará ilé ẹni tí ń fúnni, kò dára tó fún ará oko náà. Ní ti ẹ̀rọ, WHO kan náà kọ ọ́ ní 2010 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ tí a fi tọrẹ, mẹ́wàá sí ọgbọ̀n péré ló ń dé ojú iṣẹ́. Àwọn tó kù ń bẹ nínú yàrá bíi tiwa. Ní Nàìjíríà níbí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó oògùn wọlé láti òkè òkun, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ kí n tó mú bírò kọ lẹ́tà mi.

Àwọn kan nínú yín ti sọ pé nígbà náà, kí a pa iṣẹ́ náà tì. Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ èyí ná, torí ó kan orúkọ àdúgbò wa.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni à ń pe ibí, orúkọ náà sì ti sọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ìlú tí àwọn baba wọn ti wá, ní Iléṣà, ilé ìwòsàn kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wesley Guild. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n bí níbẹ̀. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ni Wesley Guild? Kì í ṣe orúkọ dókítà, kì í ṣe orúkọ olówó kan. Ẹgbẹ́ ni, bí ẹgbẹ́ tiwa yìí. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1896. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ló ń dá owó kéékèèké jọ, tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ ìwòsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní nǹkan bí ọdún 1912. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé Áfíríkà rí títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n wọn kò dá a lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ń dá a lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wọn sì bá wọn dá a. Ní àwọn ọdún 1970 ni ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, tí ó wá di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní 1907, àti ti Sacred Heart ní Lantoro, Abẹ́òkúta, tí Fadá Coquard bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1956, dókítà òyìnbó kan dé sí Wesley Guild, David Morley ni orúkọ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1961. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, wọ́n ń tọ àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ó rí i pé ohun tí ó ń pa ọmọ kò ju mélòó kan lọ: èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, ibà, àìjẹun dáadáa. Kò kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá ránṣẹ́. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ, àti káàdì kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń wo àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n á wọ̀n wọ́n lóòrèkóòrè, wọ́n á fi àmì sí i lórí káàdì, ìlà náà á máa gòkè. Bí ìlà bá dúró tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Morley nìyí: ìyá ọmọ ni ó ń mú káàdì náà lọ sílé. Wọ́n fi sínú ọ̀rá kí omi má baà bà á jẹ́. Ní àtijọ́, ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú ìwé, ó sì máa ń sọnù. Àwọn dókítà kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù! Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ̀ bóyá ènìyàn máa ń sọ káàdì àjọ nù. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń fún ìyá ọmọ ní ibi àjẹsára lónìí, tí ẹ ń tọ́jú sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ni ọ̀nà rẹ̀ ti là, tí ó sì tàn ká ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dókítà Samuel Katz, ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣe àjẹsára èéyi ní Amẹ́ríkà, wá bá Morley ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ní Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, dókítà mìíràn fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tí ó múlé gbè é, tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré sí ti Òkè-Mẹ̀sí gan-an.

Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń pín ìwé àti ohun èlò olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n pín ni ṣíbí rọ́bà onílẹ́nu méjì, ẹnu kan fún ṣúgà, ẹnu kejì fún iyọ̀, kí ìyá tí ó ń po omi fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru má baà ṣì í wọ̀n. Ṣíbí rọ́bà o! Ó kú ní 2009.

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo padà lọ bá mátírọ́ọ̀nù. Mi ò mú ẹrù kankan dání. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ nílò, kí sì ni ẹ kò fẹ́?” Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mo ń dán òun wò ni. Lẹ́yìn náà ó ya ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìbọ̀wọ́, òwú, báńdéèjì, sípírítì, ọṣẹ, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, okùn tí wọ́n fi ń di ìwọ́ ọmọ, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi ìkọ́ kọ́, káàdì ọmọ, iná méjì tí ó ń lo oòrùn. Ní ti oògùn, ó ní kí a fi í sílẹ̀, pé àwọn ní ibi tí àwọn ti ń gbà á, kí a má lọ kó ayédèrú bá àwọn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ó kọ ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá wa kó páálí yín kúrò.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A kó wọn kúrò. Ohun tí ó ṣì wúlò, ilé ìwòsàn ńlá kan gbà á. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, a fà á lé ọwọ́ àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á run. Bẹ́ẹ̀dì padà sínú yàrá.

Ẹ̀yin ìyá mi, gbogbo ohun tí ó wà lórí ewé ìwé yẹn, àwa ra gbogbo rẹ̀ ní Èkó níbí, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí a san ní Apápá nìkan. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni à ń kó o lọ. Mátírọ́ọ̀nù ní ìwé kan tí ó ń kọ ọ́ sí, ìbọ̀wọ́ mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ó sì máa ń fi hàn mí kí n tó béèrè.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ tí ń ta aṣọ láwìn kiri ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, torí pé wọn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Èmi ń lóṣòó báyìí nítorí ẹ̀bùn. Mò ń lọ wò ó pé wọ́n lò ó. Inú mátírọ́ọ̀nù kò sì bàjẹ́ sí i, ó ní kò sí ẹni tí ó tíì padà wá wo ẹ̀bùn rẹ̀ rí.

Kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mátírọ́ọ̀nù tún rán ọkọ aláboyún lọ ra ìbọ̀wọ́. Ọdún tó kọjá ni, nígbà tí a ń dáwó aṣọ àjọ̀dún, tí ọ̀pọ̀ wa ní kí ti ilé ìwòsàn dúró ná. Ó dúró lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dúró. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, èmi náà ra aṣọ náà, òun ni mo wọ̀ yìí.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi fẹ́ kí a yéé dáwó ní ìdákúdàá. À ń bẹ̀bẹ̀ pé nínú èrè tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ pín lọ́dún, kí a kọ́kọ́ yọ ogún náírà nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan fún un. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ti àwọn onígbàgbọ́ ni ilé ìwòsàn yẹn. Alhaja tí ó jẹ́ akápò wa ti fèsì sí ìyẹn kí n tó la ẹnu: ó ní ọjọ́ tí òun bá wa lọ, obìnrin mẹ́rin ni òun kà lórí bẹ́ńṣì tí ó bo orí bíi tòun. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni. Mo gbà, kí ìjọba ṣe é, kí a má sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláboyún tí ó ń rọbí ní ọjọ́ Ẹtì kò lè dúró de ìjọba. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ńkọ́, ṣé kò sí aláìsàn níbí ni? Ìyẹn nìkan ni ó ń dà mí láàmú. Níbí, bí ìbọ̀wọ́ bá tán, ènìyàn yóò sọdá títì, yóò rà á. Níbẹ̀, ọ̀kadà ni, bí òjò kò bá sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Síbẹ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí wa níbí bá ní ohun tí wọ́n nílò, mo ṣetán láti lọ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí a sì mú un wá sí ìpàdé.

A ó dìbò lórí ogún náírà náà ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lómìnira láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti lẹ ewé ìwé tí mátírọ́ọ̀nù kọ fún oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì akápò, pẹ̀lú iye owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Iná olóòrùn kan ti bàjẹ́, ó wà níbẹ̀. Ìkọ́ òṣùwọ̀n náà ti ń jẹrà, mo ti sọ fún ẹni tí ó ń ṣe é.

Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìpàdé náà ni ọkọ̀ yóò gbéra, ní aago márùn-ún ìdájí, ní iwájú ọjà. Ààyè mẹ́fà ló kù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò.